Ọjọ́ Tí Mo Dáhùn fún Alààyè

Òórùn eruku tó ń gbóná ni mo kọ́kọ́ máa ń gbọ́ tí mo bá rántí iyàrá yẹn. Ẹ̀yìn ilé kan ní Ìtìrẹ́ ló wà, ní Súrùlérè, iyàrá kan ṣoṣo tí wọ́n fi kápẹ́ẹ̀tì àlòkù bo ògiri rẹ̀ yíká kí ariwo má baà di ìjà pẹ̀lú àwọn ará àdúgbò. Òrùlé ti jò sí kápẹ́ẹ̀tì náà láìmọye ìgbà, ó ti bu funfun. Tí wọ́n bá tan àwọn ẹ̀rọ agbóhùnsókè ńlá mẹ́ta tí ẹgbẹ́ náà rà nígbà tí owó epo ṣì wà nílùú, eruku orí wọn á kọ́kọ́ jó, á máa rùn bí irun tí iná rà, kí ohùn kankan tó jáde. Mo ń sọ nípa àwọn ọdún tí gbogbo nǹkan ń gbówó lórí láàárọ̀ àti lálẹ́, tí àwọn tó jáde yunifásítì ń wá iṣẹ́ kiri Yábàá pẹ̀lú fáìlì lábẹ́ abíyá. Ìwọ náà rántí. Èmi nígbà náà ń tún rédíò ṣe ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Yábàá, mo sì ń ta gìtá ní òpin ọ̀sẹ̀ fún ẹni tó bá pè mí.

Ẹgbẹ́ tó pè mí kì í ṣe ẹgbẹ́ kékeré. Àwọn ni wọ́n ń ta rọ́ọ̀kì ní Súrùlérè lẹ́yìn tí ogun parí, nígbà tí wọ́n ṣì dá irun sí gbàgẹ̀rẹ̀ sórí, tí wọ́n ń wọ ṣòkòtò ẹlẹ́nu fífẹ̀ àti bàtà gogoro, tí àwọn òbí ń sọ pé gìtá wọn máa di ọmọ àwọn létí. Nígbà tí èmi fi dé ọ̀dọ̀ wọn, ikùn ti yọ, irun ti ń ré lórí, ọ̀pọ̀ nínú wọn ti lé lógójì ọdún. Orin wọn pọ̀, àmọ́ ọ̀kan ṣoṣo ni gbogbo ayé mọ̀, láti Mushin títí dé Ìjọ́ra. Nínú orin yẹn, Ọ̀gá, tó jẹ́ olórí ẹgbẹ́ àti akọrin, á máa pe orúkọ bíi tíṣà tó ń máàkì rẹ́jísítà. Bó bá ti pe orúkọ, ẹni tó ni orúkọ á fi ohun èlò rẹ̀ dáhùn, pẹ̀lú ìdáhùn kúkurú kan tó fúnra rẹ̀ ṣẹ̀dá, tó sì bá ìwà rẹ̀ mu. Orúkọ mẹ́fà ni: onífèrè ló ṣáájú, onígìtá tẹ̀lé e, lẹ́yìn náà onídùùrù, oní-bésì, onílù, Ọ̀gá á sì wá pe ara rẹ̀ kẹ́yìn, á fi igbe dá ara rẹ̀ lóhùn. Gbogbo èrò á máa bá a pe àwọn orúkọ náà. Mi ò ní kọ orúkọ wọn síbí. Tó o bá kà á dé ìparí, wàá mọ ìdí rẹ̀.

Ikú onígìtá ló mú mi wọlé. Onífèrè ló kọ́kọ́ kú, ọ̀nà Ìbàdàn ló gbà á. Onígìtá tẹ̀lé e lọ́dún kejì, àìsàn tó bẹ̀rẹ̀ bí orí fífọ́ lásán ní ọjọ́ Túsìdeè. Nígbà tí onífèrè kú, wọ́n ti fẹ́ yọ orúkọ rẹ̀ kúrò nínú orin, àmọ́ èrò kọ̀, wọ́n ń pe orúkọ náà bó ṣe wà nínú rẹ́kọ́ọ̀dù. Ọ̀gá bá ṣe òfin kan: ẹni tó bá jókòó sí àyè òkú ni yóò máa dáhùn fún òkú, bí òkú ṣe ta á gẹ́lẹ́, kò sí àfikún. Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí mo débẹ̀ ló ti na ìka sí mi. “Òkú nìkan o. Ẹni tó wà láyé á dáhùn fúnra rẹ̀.” Bí ara ẹnikẹ́ni nínú àwọn alààyè kò bá yá, wọn kì í kọ orin náà lọ́jọ́ yẹn rárá. Mo rò pé àṣejù ni. Ọmọdé ni mí, mo mọ gìtá ta, mi ò mọ nǹkan mìíràn.

Báyìí ni mo ṣe ń jẹ́ orúkọ olóògbé ní gbogbo ọjọ́ Sunday. Àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í fi orúkọ náà kí mi ní Ojúẹlẹ́gba, èmi náà á sì juwọ́ sí wọn. Ìyá mi kò fẹ́ràn rẹ̀ rárá. Láti kékeré ni ìyá mi ti kìlọ̀ fún wa, bí gbogbo ìyá Ògbómọ̀ṣọ́ ṣe ń kìlọ̀, pé bí èèyàn bá gbọ́ orúkọ rẹ̀ tí kò rí ẹni tó pè é, kó má dáhùn. “Èyí tí wọ́n ń pe ẹlòmíì tí ìwọ ń jẹ́ ẹ ńkọ́?” Mo ní iṣẹ́ ni. Àmọ́ kí n sọ òótọ́ fún ọ: nínú ooru gbọ̀ngán tí òógùn ń ṣàn, tí Ọ̀gá bá pe orúkọ yẹn, tí ìka mi kan okùn, ẹ̀yìn ọrùn mi máa ń tutù.

Ìgbà ọyẹ́ ni onídùùrù kú. Ó sùn, kò jí. A ń bọ̀ láti ibi ìsìnkú, gbogbo wa há mọ́ra nínú ọkọ̀ kan, nígbà tí mo rí Ẹ̀gbọ́n oní-bésì tó ń ka ìka ọwọ́ rẹ̀ lórí orúnkún. Ó ka mẹ́ta. Ó di ìka kẹrin mú, kò jọ̀wọ́ rẹ̀ títí a fi dé Yábàá. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni, ó ga, ó rọra ń rìn, ìdáhùn tiẹ̀ nínú orin náà sì rí bẹ́ẹ̀: ohùn mẹ́fà tó ń sọ̀ kalẹ̀ bí ẹni tó ń wá ibi tó máa jókòó sí, èyí tó kẹ́yìn á wá yọ̀ díẹ̀ lábẹ́ ìka rẹ̀. Láti ọjọ́ ìsìnkú yẹn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe àwọn nǹkan tó ń já mi láyà. Ó kó gbogbo ọmọ rẹ̀ lọ ya fọ́tò. Ó fi ibi tí ìwé ilẹ̀ rẹ̀ wà han ìyàwó rẹ̀. Ó fún mi ní agboòrùn rẹ̀ lọ́jọ́ kan tí òjò ò rọ̀, ó ní kí n máa mú un lọ.

Ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ kan, a ń dánrawò lọ́wọ́, ìyàwó rẹ̀ wọlé. Tíṣà ni ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Mushin, eruku ṣọ́ọ̀kì ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kò wo ọkọ rẹ̀, ọ̀dọ̀ Ọ̀gá ló gbà lọ, ó kúnlẹ̀ sórí sìmẹ́ńtì.

“Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yọ orúkọ ọkọ mi kúrò nínú orin yẹn.”

“Ìyàwó wa, dìde ná. Kí ló ṣẹlẹ̀?”

“Ẹ ka àwọn tó ti lọ. Ẹ kà wọ́n bí ẹ ṣe ń pè wọ́n. Ta ló kàn?”

Onílù rọra gbé igi ìlù rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ̀gbọ́n oní-bésì kọjú sí ògiri, ó ń yí okùn tí kò nílò yíyí. Ọ̀gá rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó ní onígbàgbọ́ ni gbogbo wa, Ọlọ́run ló ń mú èèyàn lọ, orin kì í pa èèyàn. Obìnrin náà ń sunkún, àmọ́ bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. “Bẹ́ẹ̀ ni, Ọlọ́run ló ń mú wọn,” ó ní. “Àmọ́ ẹ̀yin lẹ ń pè wọ́n.”

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ tó ti wà nílẹ̀ tipẹ́ ti bú jáde. Ọ̀gá rán wa létí ọjọ́ tí wọ́n gbìyànjú àtifi orin náà sílẹ̀, kí èmi tó dé. Oṣù mẹ́ta gbáko ni wọ́n fi múra orin tuntun sílẹ̀, orin tó dáa, wọ́n lọ kọ ọ́ ní Yábàá. Èrò káwọ́ lérí, wọ́n ń wò wọ́n. Bàbá kan tó gbé ọmọ sí èjìká wá síwájú, ó fi ohùn pẹ̀lẹ́ sọ pé, “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ tiwa fún wa, ká lè máa lọ sílé.” Ọ̀gá tún un sọ lẹ́ẹ̀mejì. “Ṣé ẹ gbọ́? Ó ní tiwọn.” Ó ní bí a bá yọ orúkọ kan, kì í ṣe orin náà mọ́, bí a ò bá sì kọ ọ́, kò sẹ́ni tó máa pè wá síta mọ́, gbogbo wa á kàn jókòó sílé máa wo ara wa.

Ẹ̀gbọ́n oní-bésì wá yíjú padà. “Ọ̀rẹ́, ọdún kẹẹ̀ẹ́dógún rèé tí mò ń jẹ́ ìpè kan náà. Ọmọ ilé-ìwé gan-an, wọ́n máa ń gbé e kúrò ní kíláàsì.”

Ọ̀rọ̀ náà pa wá lẹ́rìn-ín, ibẹ̀ sì rọ̀ díẹ̀. Ó yẹ kí n dákẹ́. Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Mo ní, “Ẹ kúkú máa pè é láti ẹ̀yìn wá.” Àwàdà ni mo fi ṣe. Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín àyàfi Ọ̀gá, nítorí bí a bá pè é láti ẹ̀yìn, orúkọ tiẹ̀ ló máa ṣáájú. Ó wò mí títí, mo fi gìtá bo àyà. Ó wá kọjú sí obìnrin náà. “Ó dáa, ìyàwó wa. Lọ́jọ́ Sunday, láti ẹ̀yìn la máa pè é.” Obìnrin náà dìde, ó gbọn orúnkún, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo rò pé ọ̀rọ̀ ti parí, mo tiẹ̀ ń yin ara mi nínú.

Hòtẹ́ẹ̀lì kan ní Súrùlérè la ti ṣeré lọ́jọ́ Sunday yẹn, ní ọ̀sán, nínú gbọ̀ngán olórùlé páànù. Òjò ti ṣú láti aago méjì, kò sì rọ̀. Ojú ọ̀run dúdú bí ẹ̀yìn ìkòkò, afẹ́fẹ́ dúró, ooru inú gbọ̀ngán ń mú kí aṣọ lẹ̀ mọ́ èèyàn lára. Iná ti lọ, jẹnẹrétọ̀ ń dún lẹ́yìn ilé. Àwọn tó ti ṣọ́ọ̀ṣì bọ̀ ṣì wà nínú aṣọ ọjọ́ ìsinmi wọn, ọmọ lọ́wọ́, ẹran díndín lórí tábìlì. A kọ orin márùn-ún, wọ́n ń bá ara wọn sọ̀rọ̀. Ìyàwó Ẹ̀gbọ́n dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò jókòó. Mo ń wò ó, mo sì ń wo ọ̀run láti ojú fèrèsé, inú mi kò dùn sí èyíkéyìí nínú méjèèjì.

Ọ̀gá wá na ọwọ́ bí tíṣà tó ṣí ìwé, gbogbo gbọ̀ngán sì hó. Ó pe orúkọ ara rẹ̀, ó dá ara rẹ̀ lóhùn. Àwọn kan rẹ́rìn-ín, wọ́n rò pé ọtí ń pa á. Ó pe onílù. Onílù dáhùn, àmọ́ ó ṣì í, torí ẹ̀yìn bésì ló ti mọ́ ọn lára láti máa wọlé. Ẹnìkan kígbe látẹ̀yìn, “Rárá o! Kì í ṣe bẹ́ẹ̀!” Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lu tábìlì, wọ́n ń súfèé. Kí Ọ̀gá tó yanu fún ẹ̀kẹta, gbọ̀ngán fúnra rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ orin náà láti ìbẹ̀rẹ̀. Gbogbo wọn pa ohùn pọ̀, wọ́n pe onífèrè. Ẹni tó jókòó sí àyè onífèrè dáhùn, ó ti mọ́ ọn lára. Wọ́n pe tèmi, ìyẹn orúkọ olóògbé, mo dáhùn. Wọ́n pe onídùùrù, ẹni tó gba àyè rẹ̀ náà dáhùn. Má rò pé èèyàn burúkú ni wọ́n o. Inú wọn dùn ni, wọ́n ń gbé ọmọ wọn sókè kí wọ́n lè ríran. Ìyẹn gan-an ló dẹ́rù bà mí.

Wọ́n wá pe Ẹ̀gbọ́n.

Ọwọ́ rẹ̀ wà lórí okùn, kò gbé e. Mo rí ìyàwó rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, tó ń mi orí lọ́tùn-ún lósì pé kó má dáhùn. Wọ́n pè é lẹ́ẹ̀kejì, ohùn wọn ròkè sí i. Kò dáhùn. Wọ́n pè é lẹ́ẹ̀kẹta, wọ́n sì dákẹ́ tí wọ́n ń dúró dè é, ìdákẹ́jẹ́ náà sì tóbi débi pé mo ń gbọ́ jẹnẹrétọ̀ lẹ́yìn ilé. Ọ̀rẹ́ mi, mi ò lè fara da àlàfo nínú orin. Bóyá iṣẹ́ rédíò ló bà mí jẹ́, ibi tí ohùn bá ti dákẹ́, ọwọ́ mi máa ń fẹ́ tún un ṣe ni. Mi ò rò ó. Ìka mi lọ sí okùn ìsàlẹ̀ gìtá, mo sì dáhùn fún un, ohùn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, títí kan bí èyí tó kẹ́yìn ṣe máa ń yọ̀ díẹ̀ lábẹ́ ìka rẹ̀. Gbọ̀ngán bú sí àtẹ́wọ́. Orin ń lọ. Onílù ń lùlù, àmọ́ ó la ẹnu, ó ń wò mí. Ọ̀gá ti di ojú rẹ̀ méjèèjì.

Nígbà tó parí, mo bá Ẹ̀gbọ́n lẹ́yìn ilé lẹ́bàá jẹnẹrétọ̀, ó ń gbé gìtá rẹ̀ sínú àpótí. Mo dọ̀bálẹ̀ sórí ilẹ̀ tí epo dà sí.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú. Mo fẹ́ gbà yín sílẹ̀ ni.”

“Dìde, àbúrò. Mo mọ̀.” Ó fi aṣọ nu ọrùn gìtá náà, ó nu ún pẹ́. “Ìyàwó mi ló ń sá fún ikú. Èmi ò sá fún un. Mo kàn ń rò ó pé bí mo bá dákẹ́, orin náà á dúró. Mo fẹ́ rí i kó dúró, ìṣẹ́jú kan péré.” Ó yíjú sí gbọ̀ngán níbi tí wọ́n ṣì ti ń pa ohùn pọ̀ kọrin láìsí wa. “Kò dúró. Kò tiẹ̀ sẹ́ni tó wojú mi.”

Ìyàwó rẹ̀ wá, ó di apá rẹ̀ mú, wọ́n lọ. Kò bá mi sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ó wo ọwọ́ mi méjèèjì bí ẹni tó ń wo ejò. Òjò tó ṣú kò padà rọ̀ lọ́jọ́ yẹn.

Ẹ̀gbọ́n kò wá sí Ìtìrẹ́ mọ́. Kí oṣù tó parí, wọ́n ti kó lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́, ó ń sin adìyẹ níbẹ̀. Ọ̀gá pè mí, ó ní èrò ti gbọ́ ìdáhùn Ẹ̀gbọ́n lẹ́nu gìtá mi, wọ́n sì ti gbà á, kí n máa bá a lọ. Òfin tó fúnra rẹ̀ ṣe ti ṣẹ́, àwa méjèèjì sì mọ ẹni tó ṣẹ́ ẹ. Mo wá ń dáhùn fún ẹni méjì, ọ̀kan wà nínú ilẹ̀, ọ̀kan ń fún adìyẹ lóúnjẹ. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni mo fi ṣe é. Lọ́jọ́ Sunday keje, mo jókòó sí ṣọ́ọ̀bù mi ní Yábàá, mo tú rédíò kan tí kò bàjẹ́, mo sì ń tò ó padà títí ilẹ̀ fi ṣú.

Ní ti ohun tí ìyàwó rẹ̀ ń bẹ̀rù, ikú kò tẹ̀lé orin wa. Onílù ló kọ́kọ́ lọ, lọ́dún kẹta sí i, ikú fo Ẹ̀gbọ́n kọjá. Ó yẹ kínú mi dùn pé ètò náà ti dàrú, kò dùn. Mo lọ kí Ẹ̀gbọ́n ní Ògbómọ̀ṣọ́ lẹ́ẹ̀kan. Ó gbà mí tọwọ́tẹsẹ̀, ó di ẹyin fún mi, ó bi mí nípa Èkó. Inú àpótí gìtá rẹ̀ ni wọ́n ń kó ìwé àwọn ọmọ sí. Nígbà tí mo dárúkọ orin, ó ní kí n wá wo àwọn òròmọdìyẹ tuntun.

Ọdún mọ́kànlá ló lò sí i. Níbi ìsìnkú rẹ̀, Ọ̀gá, tó ti ń fi ọ̀pá rìn, kó àwọn ọ̀dọ́ kan wá láti Súrùlérè, àwọn èèyàn sì béèrè orin náà, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe. Wọ́n gbé gìtá fún mi kí n jókòó sí àyè mi àtijọ́. Ọ̀gá ń pè, wọ́n ń dáhùn. Nígbà tó dé orúkọ Ẹ̀gbọ́n, gbogbo ojú yí sọ́dọ̀ mi. Nísinsìnyí ó tọ́, ó bófin mu, òkú ni. Ìyàwó rẹ̀ náà ń wò mí. Mo fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ okùn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà kí wọ́n má baà dún. A gbọ́ bí ewúrẹ́ kan ṣe ń ké lẹ́yìnkùlé, a gbọ́ bí ìjókòó ṣe ń dún. Orin náà dúró. Ọ̀gá jẹ́ kó dúró dáadáa, kó tó pe ẹni tó kàn.

Tí wọ́n bá bi mí bóyá ó yẹ kí àwọn àgbà olórin ṣì máa kọ orin tó sọ wọ́n di olókìkí, mo máa ń ní kí wọ́n kọ ọ́, torí èrò ló ni ín, èèyàn kì í sì gba nǹkan oní-nǹkan mọ́ ọn lọ́wọ́. Àmọ́ ẹni tó bá dákẹ́ nínú rẹ̀, ẹ jẹ́ ká gbọ́ ìdákẹ́jẹ́ rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi pe orúkọ ẹnikẹ́ni nínú wọn níbí. Èmi ò jẹ́ kí Ẹ̀gbọ́n dákẹ́ lójú ayé rẹ̀, ọjọ́ ìsìnkú rẹ̀ ni mo tó fún un ní ìdákẹ́jẹ́ náà. Mo ti bẹ̀ ẹ́, mo ti bẹ ìyàwó rẹ̀, wọ́n sì ti fọwọ́ wọ́nú. Ohun tí mi ò tíì lè dárí rẹ̀ ji ara mi ni pé mo ta ìdáhùn Ẹ̀gbọ́n dáadáa.